Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fínígà, Iná àti Awò Amúǹkantóbi Mọ Ohun Tó Wà Nínú Ìkarahun àti Eegun

Bí ẹ bá fi èékánná kan ìkarahun ìgbín, ìró òkúta lẹ máa gbọ́. Ìró yẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òkúta lásán ni ẹran náà gbé sẹ́yìn. Ààbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Òkúta wà níbẹ̀ lóòótọ́: kálísíọ́mù kábónéètì ni, èròjà kan náà tó wà nínú òkúta ẹfun àti mábìlì. Àmọ́ láàárín òkúta náà, awọ tín-ín-rín àti fọ́nrán purotéènì wà, èyí tí ẹran náà kọ́kọ́ ta kó tó to òkúta sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ìkarahun ẹran omi, fọ́nrán wọ̀nyí kì í ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí òṣùwọ̀n. Síbẹ̀ àwọn ló ń pinnu ibi tí òkúta máa dúró sí, bó ṣe máa rí, àti bóyá ó máa tètè fọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ fi ojú ara yín rí apá méjèèjì, kí ẹ sì fọwọ́ kàn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò gba ilé ìwádìí. Fínígà, ife onígíláàsì mélòó kan, awò amúǹkantóbi kékeré, òṣùwọ̀n tó lè wọn gíráàmù kọ̀ọ̀kan àti sùúrù nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kó ohun èlò jọ

Ẹ wá ẹyin adìyẹ tútù méjì àti èèpo ẹyin mélòó kan sí i, ìkarahun ìgbín tó ti ṣófo, ìkarahun ẹran omi alápá méjì irú èyí tí ìgbì ń gbá sí etíkun, èèpo akàn tàbí ti edé, àti eegun itan adìyẹ méjì tó gùn dọ́gba. Ẹ fi ohun tí kò ní kálísíọ́mù kábónéètì kún un kí ẹ lè rí ìyàtọ̀: èékánná tí ẹ gé, ìyẹ́ adìyẹ, àti ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé. Ṣọ́ọ̀kì máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Láyé àtijọ́, òkúta ẹfun gidi ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ gypsum, irú òkúta rírọ̀ mìíràn, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tó wà lóde báyìí, kálísíọ́mù sì wà nínú gypsum láìsí kábónéètì.

Fínígà funfun tí wọ́n kọ 5% sí lára ni kí ẹ lò.

Tó bá jẹ́ etíkun lẹ ti ń ṣa ìkarahun, ẹ má mú èyí tí ohun abẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Irú akàn kan wà tó ń wọ inú ìkarahun tó ṣófo lọ gbé, tó sì máa ń sá wọnú pátápátá bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹ gbé ìkarahun náà sílẹ̀ níbi òjìji fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ máa wò ó láti òkèèrè; bí akàn bá wà níbẹ̀, ó máa yọjú. Ní ti iyùn òkun, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Iyùn tó ń kọ́ òkúta àti ìkarahun ńlá Tridacna wà lára ohun tí CITES ń dáàbò bò, ìyẹn àdéhùn lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lọ́dún 1973.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni kí ẹ fi fọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má lo bíléèṣì, torí ó máa ń jẹ purotéènì tí ẹ fẹ́ wò gan-an. Ìkìlọ̀ mìíràn tún wà tó ju ìyẹn lọ: bíléèṣì àti fínígà ò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ike kan náà láé, torí afẹ́fẹ́ olóró tó ń jẹ́ chlorine ló máa jáde.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó da ohunkóhun sí i

Ẹ mú ìkarahun alápá méjì tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, kí ẹ fi awò amúǹkantóbi wo ojú ibi tó ṣẹ́ náà. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ìpele mẹ́ta lẹ máa rí. Èyí tó wà lóde pátápátá jẹ́ awọ pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀, purotéènì ni, kì í ṣe òkúta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí omi tó ní ásíìdì kan òkúta tó wà lábẹ́. Ìpele àárín jẹ́ òkúta tó tò ní ìdúró. Ti inú lọ́hùn-ún máa ń mọ́ lẹ̀jẹ́lẹ̀jẹ́ lára àwọn kan, tó ń yí àwọ̀ padà bí ẹ ṣe ń yí i sí ìmọ́lẹ̀. Kò sí àwọ̀ kankan tí ẹran náà kùn sí i. Pẹlẹbẹ òkúta tí nínípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ ló tò léra wọn, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára wọn ló ń dá àwọ̀ yẹn.

Ẹ wá gbé ìkarahun ìgbín. Ẹ jẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí yín. Tí ẹnu náà bá wà lápá ọ̀tún yín, ó lọ́ sí ọ̀tún. Èyí tó pọ̀ jù lọ láyé nìyẹn. Bí ẹ bá rí èyí tó lọ́ sí òsì, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ẹ fọkàn sí ìlà wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ lé etí ẹnu rẹ̀. Ìgbín kì í na ìkarahun rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń na eegun. Etí ẹnu nìkan ló ti ń fi kún un, nítorí ibẹ̀ ni awọ ara tó ń ṣe ìkarahun wà. Ìdí nìyí tí ṣóńṣó fi jẹ́ apá tó dàgbà jù. Ìkarahun tó wà lára rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́mọ náà ló ṣì wà lókè yẹn. Ti eegun ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ara àgbàlagbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń jẹ eegun àtijọ́, àwọn mìíràn ń kọ́ tuntun sípò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń di tuntun lọ́dọọdún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kán fínígà sí i

Ẹ kán fínígà ẹyọ kan sára ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi awò wò ó lójú ẹsẹ̀. Ibi tí kálísíọ́mù kábónéètì bá wà máa hó, torí ásíìdì inú fínígà ń lé kábọ́nì dáyọ́ksáìdì jáde látinú rẹ̀. Èèpo ẹyin, ìkarahun àti èèpo akàn máa hó. Èékánná, ìyẹ́ àti ṣọ́ọ̀kì oní-gypsum ò ní ṣe nǹkan kan.

Ohun méjì lè tàn yín jẹ níbí. Ìkarahun tó ṣì ní awọ òde rẹ̀ lè dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ fi ìṣó ha á díẹ̀, kí ẹ tún kán an. Eegun náà máa dákẹ́, tàbí kó yọ ìwọ̀nba èémí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kálísíọ́mù ló kún inú rẹ̀. Kálísíọ́mù fọ́síféètì ni òkúta inú eegun àti eyín, kábónéètì tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Bí ohun kan ò bá hó, ẹ má tíì sọ pé kò ní kálísíọ́mù. Tí ẹ bá rí èèpo ẹ̀yìn ahun, apá méjì ló ní: ìpẹ́ òde tó jẹ́ ẹ̀yà èékánná, àti eegun gidi lábẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ egungun ìhà àti ti ẹ̀yìn tó ti so pọ̀.

Ẹ kán an sórí iyanrìn etíkun pẹ̀lú. Bó bá hó, ó ṣeé ṣe kí èérún ìkarahun tàbí iyùn wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bọ́ èèpo lára ẹyin láìfọ́ ọ

Ẹ wọn ẹyin tútù kan, kí ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbé e sínú ife, kí ẹ da fínígà bò ó. Èèpo ẹyin kan máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún sí mẹ́fà, ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ kálísíọ́mù kábónéètì. Mìlílítà 100 fínígà oní-5% ò lè jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin lọ kí agbára rẹ̀ tó tán. Nítorí náà, ẹ da fínígà àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn wákàtí 24, kí ẹ fi ìka pa ara ẹyin náà jẹ́jẹ́, kí ẹ tún da tuntun sí i.

Ẹ má fi ọmọrí dí ife náà pinpin. Kábọ́nì dáyọ́ksáìdì tó ń jáde lára èèpo ẹyin kan ṣoṣo ju lítà kan lọ, ó sì lè fọ́ ìgò.

Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, èèpo náà ti lọ. Awọ ló kù, tó di ẹyin náà mú, tí ẹ lè fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Tí ẹ bá tún un wọ̀n, ó máa wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèpo ti kúrò, nítorí omi inú fínígà ti gba ara awọ náà wọlé. Ẹ má jẹ ẹ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín.

Awọ yẹn ni kí ẹ wò pẹ́. Nínú ara àgbébọ̀, òun ló kọ́kọ́ wà. Lójú òde rẹ̀, àwọn kókó kéékèèké tó jẹ́ purotéènì wà, orí kókó wọ̀nyẹn sì ni òkúta àkọ́kọ́ ti ń hù. Láti ibẹ̀ ni òkúta ti ń dàgbà síta títí tí wọ́n fi kan ara wọn, tí wọ́n sì di èèpo. Nǹkan bí ogún wákàtí ni iṣẹ́ yìí ń gbà, nǹkan bíi gíráàmù méjì kálísíọ́mù ló sì ń bá a lọ. Oúnjẹ tí adìyẹ jẹ nìkan ò tó láti pèsè rẹ̀ lóru, ìdí nìyẹn tó fi ń yá apá kan nínú rẹ̀ látinú eegun ara rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé ẹyin kejì sínú omi gbígbóná, èémí wẹ́wẹ́ máa yọ lára rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò ló wà lára èèpo kan, kí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ lè mí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Eegun méjì, ọ̀nà méjì

Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa ráyè ṣe nínú gbogbo èyí, èyí ni kí ẹ ṣe.

Ẹ bó gbogbo ẹran kúrò lára eegun méjèèjì. Ẹ rẹ àkọ́kọ́ sínú fínígà, kí ẹ máa pààrọ̀ fínígà náà ní ọjọ́ méjì-méjì. Eegun tín-ín-rín lè gba ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó ki máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò jẹ́jẹ́. Àárín rẹ̀ ló máa ń rọ̀ gbẹ̀yìn.

Ìkejì ni kí ẹ gbé sórí ẹ̀yinná èédú ní gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ó máa kọ́kọ́ rùn bí irun tó jóná. Ó máa dúdú, torí purotéènì inú rẹ̀ ń di èédú. Bí iná bá gbóná tó, tó sì pẹ́ lórí rẹ̀, èédú náà máa jó tán, eegun á di eléérú, lẹ́yìn náà á funfun. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Eegun nìkan ni kí ẹ sun o. Ẹ má ju ìkarahun sínú iná. Kálísíọ́mù kábónéètì tó bá gbóná dé nǹkan bí 800 sí 900 lórí ìwọ̀n Celsius máa ń di ohun tó ń jó awọ ara àti ojú ní kété tó bá kan omi, ìkarahun sì tún lè ta pẹ́ẹ́, kí èérún rẹ̀ fò lu èèyàn.

Ẹ wá gbé eegun méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀dà kan náà ni wọ́n ṣì jọ, oríkèé wọn ò yí padà, gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba síbẹ̀. Ti inú fínígà ń tẹ̀, bó bá sì rọ̀ dáadáa, ẹ lè ta á ní kókó. Kò sí òkúta nínú rẹ̀ mọ́. Collagen ló kù, purotéènì tó rí bí okùn. Tinú iná le, àmọ́ bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó rún. Kò sí okùn tó so ó pọ̀ mọ́. Òkúta inú eegun tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n, àmọ́ àwọn méjèèjì ló kún gbogbo eegun náà látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, èkejì ṣì máa fi gbogbo ìrísí náà hàn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eegun ẹran kan àti òmíràn, tàbí eegun àti eyín, sábà máa ń jẹ́ ìyàtọ̀ nínú ìwọ̀n tí wọ́n fi po apá méjì yìí. Òde eyín èèyàn jẹ́ òkúta tó nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kọ́ ọ ti kú kí eyín tó yọ, nítorí náà ibi tó bá ti jẹ kò tún lè hù padà. Ẹja ekurá ò ní eegun gidi rárá. Eegun rírọ̀ irú ti etí ló gbé ara rẹ̀ ró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dá òkúta náà padà

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló la ọ̀rọ̀ yé mi jù.

Ẹ rún èèpo ẹyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú mìlílítà 100 fínígà, kí ẹ fi sílẹ̀ títí kò fi ní hó mọ́. Èèpo gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ásíìdì ti tán. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi náà. Ó mọ́ gaara, àmọ́ kálísíọ́mù ti yòrò sínú rẹ̀. Ẹ po sóódà ìfọṣọ ṣíbí kan sínú omi díẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wá máa da á sí omi ti àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa funfun. Ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ da omi orí rẹ̀ nù, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan ìyẹ̀fun náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì sá a. Ẹ má fo ṣíṣàn yẹn, torí sóódà fúnra rẹ̀ máa ń hó nínú fínígà, ó sì máa da àyẹ̀wò yín rú.

Ẹ kán fínígà sí ìyẹ̀fun tó ti gbẹ náà: ó hó. Kálísíọ́mù kábónéètì ni, èyí tó wà lára ẹyin láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti rí òkúta tó yòrò látinú èèpo náà gbà padà. Ẹ wá gbìyànjú láti fi í ṣe èèpo ẹyin.

Kò ṣeé ṣe. Kí òkúta jáde látinú omi kò ṣòro. Ẹ rí i pé ìṣẹ́jú kan ló gbà. Iṣẹ́ ohun abẹ̀mí ni láti sọ fún òkúta ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa dúró sí. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù tí kálísíọ́mù kábónéètì máa ń gbà to ara rẹ̀ nínú ohun abẹ̀mí, ìyẹn calcite àti aragonite. Aragonite wúwo díẹ̀ jù, ó sì tètè ń yòrò. Èèpo ẹyin jẹ́ calcite, òkúta iyùn jẹ́ aragonite. Ẹran omi tí wọ́n ń pè ní mussel ń ṣe méjèèjì nínú ìkarahun kan ṣoṣo: calcite lóde, aragonite tó ń dán nínú, tí awọ purotéènì pààlà láàárín pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbìyànjú láti fọ́ apá tó ń dán yẹn, ibi tó bá sán ò lè lọ tààrà; ó ní láti máa ya yí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan ká, agbára tí ẹ fi lù ú á sì tán sójú ọ̀nà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ẹ̀gún ara sea urchin, ẹ̀dá òkun róbótó tó kún fún ẹ̀gún. Ihò ló kún inú ẹ̀gún náà, ara rẹ̀ sì ṣe rògbòdò, síbẹ̀ bí wọ́n bá tan ìtànṣán X-ray sí i, ńṣe ló ń ṣe bíi calcite ẹyọ kan ṣoṣo.

Akàn ní ìṣòro tirẹ̀. Èèpo rẹ̀ ò lè dàgbà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kó tó lè tóbi. Kó tó bọ́ ọ, ó máa ń fa kálísíọ́mù díẹ̀ padà látinú èèpo àtijọ́ sínú ara. Ìbátan rẹ̀ kan tó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀, crayfish, máa ń kó tirẹ̀ jọ gẹ́gẹ́ bí òkúta róbótó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Bí ẹ bá rẹ èèpo akàn sínú fínígà, ohun tó máa kù yín lọ́wọ́ jọ èèpo akàn lójú, àmọ́ ó ń ká bíi bébà tó rin.

Kíkọ́ òkúta yìí ń ná ohun abẹ̀mí ní agbára. Bí kálísíọ́mù ṣe ń di kábónéètì, ásíìdì ló ń ṣẹ́ kù sílẹ̀, ẹran náà sì gbọ́dọ̀ máa gbé e kúrò níbi iṣẹ́ kí òkúta má bàa tún yòrò. Kálísíọ́mù fúnra rẹ̀ ò wọ́n nínú òkun. Ó tó nǹkan bí 400 mìlígíráàmù nínú lítà kan. Àmọ́ kábọ́nì dáyọ́ksáìdì tí iléeṣẹ́ àti ọkọ̀ ń tú jáde ń wọnú òkun pẹ̀lú, ó sì ti mú kí pH ojú òkun, ìwọ̀n tó máa ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì inú omi bá ń pọ̀ sí i, lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 8.2 sí nǹkan bí 8.1. Ó jọ pé ohun kékeré ni, àmọ́ bí a ṣe ń ka pH, ásíìdì tó wà níbẹ̀ ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i. Iyùn àti àwọn ìgbín kéékèèké tó léfòó lójú òkun, tí aragonite ni tiwọn, ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Èyí bà mí nínú jẹ́, mi ò sì rò pé ó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ka ìlà ìdàgbà

Ẹ fi omi ra ìkarahun alápá méjì, kí ẹ tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Tí ìlà rẹ̀ bá ga, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù pa á. Ìlà náà máa yọ sórí bébà, ó sì rọrùn láti kà níbẹ̀.

Ẹ má tètè sọ pé ìlà kan jẹ́ ọdún kan. Òtútù, ọ̀dá, ebi, tàbí ọgbẹ́ lè dá iṣẹ́ dúró kó sì fi ìlà sílẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú pàápàá máa ń tún un kà. Lọ́dún 2006, wọ́n gbé ẹran alápá méjì kan, Arctica islandica, jáde látinú òkun nítòsí Iceland. Wọ́n kọ́kọ́ ka ohun tó lé ní 400 ọdún, àmọ́ nígbà tí wọ́n tún un kà, 507 ni wọ́n rí. Ibi ìdè tí apá méjì ìkarahun ti so pọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kà, àwọn ìlà ibẹ̀ sì ti há mọ́ra wọn jù. Nítorí náà, ibi méjì ni kí ẹ ti máa ka tiyín.

Ìlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà lára àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ inú etí ẹja sì wà lára wọn. Lọ́dún 1963, John Wells, onímọ̀ nípa iyùn ará Amẹ́ríkà, ka ìlà ojoojúmọ́ lára iyùn tó ti di òkúta láti nǹkan bí 380 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nǹkan bí 400 ló bá nínú ọdún kan dípò 365. Ayé ń yára yí nígbà yẹn ju ti òní lọ, ọjọ́ sì kúrú, bí àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ṣe ti ṣírò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìtọ́jú

Ẹ rẹ ìkarahun òkun sínú omi tí kò níyọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, torí iyọ̀ tó bá kù sínú rẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ onígi tàbí páálí. Igi, pàápàá oaku, máa ń tú èémí ásíìdì inú fínígà jáde díẹ̀díẹ̀, èyí á sì máa jẹ ìkarahun títí ìyẹ̀fun funfun á fi bò ó. Loftus Byne, onímọ̀ nípa ìkarahun, kọ̀wé nípa àrùn yìí lọ́dún 1899, ó sì rò pé kòkòrò àìfojúrí wà lára ohun tó ń fà á. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é. Ìgò tàbí ike tó mọ́ ló dáa jù, bẹ́ẹ̀ ni kí èyí tí ẹ ti kán fínígà sí má bá àwọn yòókù gbé àyàfi bí ẹ bá ti ṣàn án.

Eegun tí ẹ rẹ máa le padà bó bá gbẹ, àmọ́ ó máa sún kì, kò sì ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣì máa tẹ̀, inú omi tí ẹ fi ọtí líle pò ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ dé e.

Fún ìkarahun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tí ẹ rí i, àti ohun tí ẹ ti ṣe sí i sórí bébà kékeré, kí ẹ sì jẹ́ kí bébà náà bá a wà nínú ike kan náà. Yíǹkì máa ń ṣá.